Òwúrọ̀ Méje Létí Báyù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù karùn-ún, 1986

Ọ̀gá fi ọwọ́ lé sítóòfù lónìí. Irin náà ṣì pupa. Ọbẹ̀ ni mò ń rò, mo kàn gbọ́ òórùn. Ẹni tó bá ti yan búrẹ́dì fún ọdún méjìlélógún ní Ìkirè bíi tèmi, kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, kò ní ṣi òórùn awọ tó ń jó gbọ́. Mo yíjú. Ọmọ ọdún méje, ọwọ́ rẹ̀ lórí iná, ó ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Kò ké. Kò fà á kúrò. Èmi ni mo ké.

Mo ki ọwọ́ náà bọ omi tútù. Mojí, ọmọ mi, ìyá rẹ̀, dé láti ibi iṣẹ́ òru — nọ́ọ̀sì ni — ó gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n dì í. Nígbà tí wọ́n padà, ó ní, Màámi, ṣebí mo ní kí ẹ máa wà nítòsí rẹ̀? Mo wà nítòsí o. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wa.

Olúwabùnmi lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí gbogbo wa nínú ilé yìí, òun là ń sìn. Àwọn dókítà ní ọ́tísìmù ni. Mo wá orúkọ náà ní Yorùbá títí, mi ò rí i. Etí rẹ̀ ń gbọ́, kì í dáni lóhùn. Ìpolówó ọjà inú tẹlifíṣàn ló ń tún sọ látàárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 26

Yọmí, ọkọ Mojí, ti kan irin ìdábùú mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òkè téńté ló kàn án sí. Èmi alára, àfi kí n gun àpótí kí n tó lè fà á. Bàbá Kọ́kọ́rọ́! Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ epo ti dá a dúró, takisí ló ń wà lóru, kọ́kọ́rọ́ ló ń kàn lọ́sàn-án.

Mi ò bá a wí. Ọmọ yìí jábọ́ lójú fèrèsé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, apá ṣẹ́. Ó ti mu ọṣẹ ìfọṣọ. Eyín iwájú méjì ti lọ kí ọjọ́ wọn tó pé. Lọ́dún tó kọjá wọ́n rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríwéè, títì ńlá tí ọkọ̀ kì í dúró, ó jókòó sínú koríko, ó ń wo táyà tó ń yí, inú rẹ̀ ń dùn. Mojí ní ọmọ ẹlòmíràn á ṣubú, á kọ́gbọ́n. Tiwa á ṣubú, á tún padà lọ síbẹ̀.

Ohun tó ń ba Mojí lẹ́rù jù: ní ọsibítù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, aláṣẹ ìjọba á wá. Ilé kan wà tí wọ́n ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Ó sùn láti aago mẹ́jọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 28

Veronica wá, tíṣà Ọ̀gá. Obìnrin dúdú ọmọ ibí, ẹlẹ́rìn-ín. Ó gbá mi mọ́ra kí n tó lè sá. Imú ni gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń gbà jáde, Yọmí ló ń bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé kì í dun ọmọ náà o. Ìrora ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Mo bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Ó wo Yọmí, ó wò mí. Ó ní, Màmá, kì í ṣe ohun tó ń parí, ọgbà là ń mọ yí i ká.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo se ìrẹsì fún un. Ṣùgbọ́n mo wí lọ́kàn mi pé, kí wá ni iṣẹ́ àdúrà?

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Mojí àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sugar Land, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti nípọn bí mátíráàsì. Èmi mú Ọ̀gá, mo bá mọ́tò Ìyá Bísọ́lá lọ sí tiwa, ìjọ aláṣọ funfun ní Third Ward, lókè ilé ìfọṣọ. Ibẹ̀ la ti ń bọ́ bàtà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń balẹ̀.

Ìyá Bísọ́lá ló ń ríran níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà. Ó yọ orí kúrò. Wọ́n tún gbé e lé e. Wọ́n dijú pẹ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbóná, ìyẹn ni kò fi lè dúró lójú kan. Omi tó ń ṣàn ni yóò tù ú. Òwúrọ̀ méje, kí oòrùn tó yọ. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, kànrìnkànrìn tuntun, Sáàmù kẹrìnlélógún. Kí a má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kí a má dá ẹni tó bá kí wa lóhùn. Kí a má wẹ̀yìn ní àlọ, kí a má wẹ̀yìn ní àbọ̀.

Wọ́n ní, ẹ má jẹ́ kí Mojí gbọ́ o, àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì yẹn á ní ẹ ti ń bọ odò. A rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 2

Mo rò ó bí oníṣòwò. Báyù, odò tóóró tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ bèbè rẹ̀, wà lẹ́yìn ilé àwọn ará àdúgbò, kò ju ká rin ìṣẹ́jú méje lọ. Omi ibẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀. Mojí kì í dé kó tó di aago mẹ́jọ. Yọmí kì í dé kó tó di méje. Èrè: kí ọmọ dúró lójú kan. Àdánù: kí Mojí mọ̀.

Mi ò rí àdánù mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ìkíní. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo gun àpótí, mo fa irin. Ó ń wò mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó jóná mọ́ inú ọ̀rá. Mo ní, Má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wí títí a fi dé etí omi. Nílé, tí a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, gbogbo Mission Bend, àdúgbò wa, ló ń gbọ́ igbe rẹ̀. Létí báyù, kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo bí omi ṣe ń lọ.

Ọjọ́rú, 4

Ìkejì. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ìkẹrin. Mo jí, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti di kànrìnkànrìn mú, ó ti fa àpótí wá sábẹ́ irin — òun fúnra rẹ̀! — ó ń dúró dè mí. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń rò, ó mọ̀ pé à ń lọ. Mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀. Jésù, o ṣeun.

Bàbá ará Vietnam kan ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja létí omi. Ó dàgbà jù mí lọ. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún mi. Mo kọjá bí ẹni tí kò rí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àgbàlagbà kò kí mi rí kí n dákẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Àṣẹ ni, kí ni mo lè ṣe?

Ọjọ́ Àìkú, 8

Ìkẹfà. Bàbá ẹlẹ́ja tún wà níbẹ̀. Kò ṣí fìlà mọ́.

Mojí ní, Màámi, kí lẹ ń fún Bùnmi jẹ? Ọjọ́ kẹta rèé tí kò sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Mo ní ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó ti rù, ọmọ mi. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ mi kàn.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ìkeje. Ó parí. Kò mi orí nígbà tí mo ń ka Sáàmù. Òjò ti ń ṣú láti ọ̀sán. Lónìí màá sùn bí ènìyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ó wà láàyè. Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan.

Mo sùn lóru ọjọ́ Ajé. Àárẹ̀ ọjọ́ méje ló wó lù mí. Atẹ́gùn ló jí mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àpótí wà lábẹ́ irin. Aṣọ funfun kò sí lórí ìkọ́, kànrìnkànrìn kò sí níbi tí mo fi í sí. Aago mẹ́fà ti kọjá.

Mi ò pè é. Mi ò wo yàrá kankan. Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tó ń lọ.

Òjò òru ti sọ báyù di odò. Omi tó mọ wa ní kókósẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti ga jù mí lọ, ó pọ́n, ó ń hó. Bàbá ẹlẹ́ja wà nínú rẹ̀ dé ọrùn, ó gbé ọmọ lé èjìká bí àpò ìyẹ̀fun, ó ń fi ọwọ́ kan wá bèbè. Mo nawọ́, mo fà wọ́n. Iwájú orí ọmọ ti là lára kọnkéré. Ètè rẹ̀ rí bí aró. Bàbá náà dà á dé orí orúnkún, ó ń gbá a lẹ́yìn. Mo ń kà — èmi tí mò ń ka ohun gbogbo — mo ka mọ́kàndínlógójì kó tó pọ omi.

Níbẹ̀ ni ohun tí mo ṣe wà. Mo tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ sómi, mo sọ kànrìnkànrìn tẹ̀lé e. Mo fi ìró mi wé ọmọ. Bàbá náà ń wò mí. Ó gbé e tẹ̀lé mi délé. Yọmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó fò sídìí fóònù. Kí áńbúláǹsì tó dé, mo ti gbé àpótí padà sí yàrá mi. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni. Ọwọ́ mi ló yára jù mí lọ.

Ọlọ́pàá bi bàbá ẹlẹ́ja léèrè ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó na ìka sí mi, ó na ìka sí ọ̀nà báyù, ó tún na ìka mẹ́ta sókè: òwúrọ̀ mẹ́ta tó ti rí ọmọ náà níbẹ̀. Ọlọ́pàá gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. Ó rò pé bàbá náà ń yìn mí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ọsibítù. Omi ṣì wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n rán an lójú méje níwájú orí, kò mira.

Obìnrin ìjọba wá pẹ̀lú fáìlì. Ta ló kẹ́yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn? Yọmí ní òun ni. Òjò lé e wálé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó gba ẹ̀yìn jáde lọ wo gọ́tà, ó wọlé, ó tún gba iwájú lọ nígbà tí wọ́n pè é lórí rédíò pé èrò wà. Ṣé o dá irin padà? Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀. O rò? Ó fọwọ́ borí. Ó ní ó ti rẹ òun, bóyá òun gbàgbé. Ọmọ kò lè nawọ́ kan irin náà. Kò sì sí ohun tó lè gùn níbẹ̀. Àbí?

Ó dá irin padà o. Mo mọ̀ pé ó dá a padà.

Ní ọ̀sán, Mojí ké pè mí. Màámi, ẹ wá gbọ́! Bùnmi ń sọ Yorùbá! Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ wà lókè àjà, ètè rẹ̀ ń mì: má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn. Ohùn mi gan-an, bí mo ṣe ń fà á. Mojí ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó pe nọ́ọ̀sì méjì wá gbọ́. Ó ní, orin kí nìyẹn, Màámi? Mo ní mo máa ń kọ ọ́ ní ìdáná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Wọ́n jà nínú mọ́tò látìgbà tí a ti kúrò ní ọsibítù títí a fi délé. Mojí ní, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin, Yọmí! Mẹ́rin! O fi owó oúnjẹ ra kọ́kọ́rọ́, o wá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀! Yọmí ní, jọ̀wọ́, Mojí, má sọ ọ́ mọ́, mo gbọ́. Mojí ní, o gbọ́? Irin ò gbọ́ o! Inú takisí ni Yọmí sùn.

Mo jókòó lẹ́yìn wọn bí àpò ìrẹsì.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fóònù Ìyá Bísọ́lá, mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ pe Olúwa. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, Ìyá Mojí, ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí ẹ wẹ̀ ẹ́. Wọn ò ní kí ẹ sùn lọ́jọ́ kẹjọ.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Inú bí mi títí dalẹ́. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọjọ́ Ajé, 16

Ọ̀gá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́rú. Yọmí ti gbé irin mìíràn wá, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn iwájú ni wọ́n tún ń ṣọ́, fíríwéè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n rò pé ọmọ náà kàn rìn lọ ni.

Kò rìn lọ. Ó lọ síbi tí mo mú un lọ. Ní wákàtí tí mo mú un lọ, pẹ̀lú ohun tí mo kó lé e lọ́wọ́. Tó bá délé, aago márùn-ún ààbọ̀ á tún lù nínú rẹ̀, yóò sì wá ohun tí yóò gùn. Nínú ilé yìí, èmi nìkan ló mọ̀. Lóde, Ìyá Bísọ́lá àti bàbá kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo tún rò ó bí oníṣòwò. Tí mo bá sọ: ojú ọmọ mi kò ní rí mi bákan náà mọ́, wọ́n á dá mi padà sí Ìkirè, bóyá ìjọba á gba Bùnmi nítorí mi. Tí mi ò bá sọ: omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo ti sọ ọ́. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, àwọn méjèèjì, kí wọ́n tó wọlé tọ ọmọ. Mo sọ ti àpótí. Mo sọ ti aṣọ tí mo sọ sómi.

Mojí kò pariwo. Ó mú bírò nínú àpò, ó ń bi mí bí nọ́ọ̀sì: aago mélòó? ẹsẹ̀ lásán? kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe? kí lẹ ń sọ? Mo ní, má wẹ̀yìn. Bírò dúró.

Ó ní, Màámi, mo pe àwọn nọ́ọ̀sì wá gbọ́ ọ.

Yọmí ti jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń sunkún. Ó ní, mo dá a padà, Mojí, mo dá a padà. Mojí kò wò mí. Ó ní, ọjọ́ méje lẹ fi ń wo ọkọ mi, Màámi, ọjọ́ méje ló fi ń bẹ̀ mí, ẹ jókòó lẹ́yìn wa, ẹ dákẹ́.

Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ mi. Ó sáré gbé mi dìde. Ìgbé náà dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Ọjọ́rú, 18

Mojí fúnra rẹ̀ ló pe obìnrin ìjọba, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n ń bọ̀ wá wò wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. A ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọ̀gá wọlé lọ́sàn-án. Mojí ti wá tíkẹ́ẹ̀tì mi sí Èkó, ó fi ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Veronica ló ní rárá. Ó ní tí ìyá àgbà bá pòórá, etí omi lọmọ yìí máa lọ wá a sí. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í láràárọ̀, títí ara rẹ̀ á fi gbàgbé: kí n má lọ, kí n má pariwo, kí n má jáwọ́. Ó lè tó oṣù méjì. Ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Mojí ká ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kì í ṣe pé ó dárí jì mí. Iṣẹ́ ló fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo ti jí kí aago tó lù. Mojí jókòó ní ìdáná, kò tan iná. Yọmí dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú.

Aago márùn-ún ààbọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó lè gùn. A ti kó gbogbo rẹ̀ sínú mọ́tò. Ó dúró. Ó fọwọ́ pa igi ilẹ̀kùn lókè, nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó wọ yàrá mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí.

Ọdún méje. Kò fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Kò tọ ẹnikẹ́ni wá pé kó ṣe nǹkan fún òun. Mojí dìde ní ìdáná, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo tẹ̀lé e dé ìdí ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ó ń fà. Ó ní, má wẹ̀yìn. Mo ní, a ò lọ, ìyá mi, a ò lọ mọ́. Ó bù mí jẹ. Ó forí sọ ilẹ̀, mo fi itan mi gbà á, kí ojú rírán má baà tú. Igbe rẹ̀ kò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò jáwọ́.

Mojí wá jókòó tì mí. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, ẹ sún, Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbà á fún yín díẹ̀. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ní, Bùnmi, Bùnmi mi, mú tèmi.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wo ọwọ́ méjèèjì, ó pẹ́.

Tèmi ló mú.